Káàdì Pupa Tí Mùtíátù Fún Bàbá Rẹ̀

Ìró bàtà bọ́ọ̀lù ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja kan ní Rye Lane, nílùú òyìnbó níbí, láàárọ̀ Sátidé, mò ń bá ọkùnrin tó ń tajà jiyàn lórí panla tí kò jọ èyí tó máa ń tà fún mi, ni mo bá gbọ́ eyín bàtà lórí ilẹ̀ líle, kọ̀ kọ̀ kọ̀. Àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni. Wọ́n ti wọ jẹ́sì láti ilé, wọ́n ń gba àárín èrò kọjá, wọ́n ń lọ sí pápá Peckham Rye. Ọ̀kan nínú wọn rí mi, ó ní, "Aunty, ẹ má pẹ́ o, kick-off ti sún mọ́!" Yorùbá rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹríba díẹ̀ kó tó sáré tẹ̀ lé àwọn tó kù. Mo ní mò ń bọ̀. Ká sòótọ́, ó ti rẹ̀ mí kí n tó jáde nílé. Orúnkún ń dùn mí, bẹ́ẹ̀ ni ìgbádùn ìdíje yìí sì ti ń tán lára mi láti bí ọdún mélòó kan.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé bí ẹ ṣe bá a náà ló ṣe wà láti ìpilẹ̀ ayé. Lọ́dọọdún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa máa ń bá àwọn bàbá àti àwọn uncle àdúgbò gbá bọ́ọ̀lù, a ó sì kó owó tí àwọn èèyàn bá dá fún ilé ìwòsàn. Bí rẹfirí bá fẹ́ fún àgbàlagbà ní káàdì, ó gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kó tó nà án sókè. Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ máa ń fi fóònù yà á. Kò sẹ́ni tó sọ fún yín pé ọmọbìnrin kan ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ọ̀rẹ́ mi ni, àti pé Mùtíátù lorúkọ rẹ̀.

Òkè fúláàtì wa ni wọ́n ń gbé. Bàbá rẹ̀, Alhaji, ń ta aṣọ ní Rye Lane nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó há débi pé tí oníbàárà bá ń wọlé, ẹni tó wà nínú ilé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ni Mùtíátù, ara rẹ̀ ò sì le. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń ṣe é. Ẹ lè jọ rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ Ajé, kó tó di Ọjọ́rú, áńbúláǹsì ti gbé e lọ, irora ti wọ inú egungun rẹ̀. Òtútù ni ọ̀tá rẹ̀, ìlú òtútù ni wọ́n sì bí i sí. Ìyá rẹ̀ máa ń kó suwẹ́tà lé suwẹ́tà fún un, tó bá sì dé bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù, yóò bọ́ wọn, yóò kó wọn fún mi, nítorí ó ní àwọn ọmọkùnrin ń wò. Èmi tí nǹkan ò ṣe ni mo wá ń gbé ẹrù aṣọ káàkiri bí alágbàfọ̀.

Bọ́ọ̀lù ni Mùtíátù fẹ́ràn jù láyé. Kò lè sáré, ṣùgbọ́n rédíò kékeré kan wà tó máa ń fi sábẹ́ ìrọ̀rí ní ilé ìwòsàn. Yóò máa gbọ́ bọ́ọ̀lù, yóò máa bá àwọn nọ́ọ̀sì jà lórí pẹ́nárítì tí kò sẹ́ni tó rí nínú wọn. Ibẹ̀ náà ni ìdíje yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a lọ kí i, a rí i pé orí àga ike líle ni àwọn ìyá aláìsàn ń sùn, wọ́n á jókòó ṣánṣán mọ́jú, ọrùn wọn á gan. Tísà tó ń kọ́ wa ní eré ìdárayá ní, ẹ jẹ́ ká gbá bọ́ọ̀lù, ká fi owó rẹ̀ ra àga tó ṣeé nà sẹ́yìn fún wọn.

Ọdún àkọ́kọ́ dójú tì wá. Àwọn ọmọkùnrin wa yára bí ológbò, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ wọn nílé kọjá ààlà. Bí ọmọ kan bá sáré dé ọ̀dọ̀ bàbá tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, bàbá náà á wò ó lójú, á ní, "Ọmọ ta nìyí?" Kíá, ọmọ á dúró, á tẹríba, á ní, "Ẹ má bínú, sà." Bàbá á sì kọjá lọ wẹ́rẹ́. Alhaji tó jẹ́ gólì wọn tiẹ̀ kúrò lójú ilé, wọ́n fẹsẹ̀ wọ́ bọ́ọ̀lù jákèjádò pápá, wọ́n ń dáhùn ìkíni lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì rọra tì í sínú ilé wa. Kò sẹ́ni tó dá wọn dúró. Àwọn òyìnbó tó wá wòran ń bi ara wọn bóyá irú bọ́ọ̀lù mìíràn kan nìyẹn.

Nígbà tí ọdún kejì ń bọ̀, tísà ní bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, ó parí, torí kò sẹ́ni tó máa wá wo irú yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mùtíátù ní kí wọ́n fún òun ní fèrè, kí òun ṣe rẹfirí. Àwọn bàbá rẹ́rìn-ín. Alhaji ló rẹ́rìn-ín jù, ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Ní bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe ń wọ suwẹ́tà fún un padà, ó sọ ohun tó ń wá gan-an fún mi. Ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé Daddy ò gbọ́ ohun tí mo bá sọ rí? Tí mo bá la ẹnu, they just check my temperature. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n gbà lẹ́ẹ̀kan péré pé mo rí nǹkan, and I was right."

Lọ́jọ́ náà, òjò ń ṣẹ́, ilẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa, Délé, gbé bọ́ọ̀lù kọjá gbogbo èèyàn, ó ku òun àti Alhaji nìkan. Ó gbé e kọjá wọn, ó fẹ́ gbá a wọlé, ó sì ṣubú lulẹ̀. Fèrè dún. Mùtíátù ní Alhaji fa ẹ̀wù rẹ̀ látẹ̀yìn, ó sì mú káàdì pupa jáde.

Báwo ni ọmọ ṣe máa lé bàbá tó bí i jáde lójú gbogbo Peckham? Mùtíátù rìn lọ bá wọn, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó na káàdì sókè, ó ní, "Daddy mi, ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jáde." Alhaji fàáké kọ́rí. "Mi ò fọwọ́ kàn án!" Ìyá rẹ̀ ń pariwo láti ẹ̀gbẹ́ pápá pé kó dìde nílẹ̀ tútù. Kò dìde. Alhaji wo orúnkún ọmọ wọn nínú ẹrẹ̀ náà, wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́ wọn, wọ́n jáde. Láti ìgbà náà ni ojú àwọn ọmọkùnrin wa ti là. Wọ́n á kọ́kọ́ gba bọ́ọ̀lù, wọ́n á wá sọ pé "ẹ má bínú, sà" nígbà tí wọ́n bá ti ń sá lọ. A borí lọ́jọ́ yẹn. A ra àga. Ìdíje fìdí múlẹ̀.

Ṣùgbọ́n Alhaji ò gbà. Ní ṣọ́ọ̀bù, níbi ọdún Iléyá, nínú ọkọ̀, gbólóhùn kan náà ni: "Mi ò fà á." Èyí tó dùn mí jù ni pé orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ á kọjú sí ògiri pẹ̀lú irora, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á ní, "That boy fell by himself. Ojú ń dùn ọ́ lọ́jọ́ yẹn." Mùtíátù á gbaná jẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi bá a lọ bẹ́ẹ̀, ó kàwé jáde, ó ṣiṣẹ́, ó ń wọ ilé ìwòsàn, ó ń jáde. Ó máa ń fi ṣe àwàdà fún mi pé kí Alhaji gbà kí òun tó kú. Kò tíì pé ogójì ọdún nígbà tó kú, wọn ò sì gbà. Inú bí mi sí Alhaji. Mò ń kí wọn, mò ń kúnlẹ̀ fún wọn, mò ń bínú sí wọn.

Ìyẹn náà wà lára ohun tó ń mú kó rẹ̀ mí. Ẹni tí mò ń ṣe é nítorí rẹ̀ ò sí, ìyá rẹ̀ ò sí, ṣọ́ọ̀bù aṣọ ti di ibi tí wọ́n ti ń mu kọfí. Àwọn bàbá tó gbá ti àkọ́kọ́, òmíràn ti padà sílé, òmíràn ti wọlẹ̀, council tó ni ilé wọn ti kó òmíràn lọ síbi tí bọ́ọ̀sì wa ò dé. Àwọn ọmọ tó ń sá bí ológbò nígbà yẹn ti di àwọn bàbá, ikùn wọn ló ń ṣáájú wọn dé ìdí bọ́ọ̀lù. Èmi ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún àṣẹ pápá, èmi ni mò ń wá ọsàn, èmi ni mò ń pe àwọn tí kì í gbé fóònù. Nígbà tí mo débẹ̀ lónìí, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ Alhaji nìkan ni àyè wà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn tì wọ́n wá lórí àga onítáyà, ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé wọn, ó ní wọn ò jẹun láti àná. Mo bu tíì fún wọn, wọ́n fọwọ́ tì í sẹ́yìn.

Lórí pápá, ọ̀kan nínú àwọn bàbá na ọwọ́ sẹ́yìn ọmọ kan, ó fa jẹ́sì rẹ̀. Rẹfirí ò rí i. Alhaji ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "Bí mo ṣe fa ti Délé náà nìyẹn."

Mo rò pé etí mi ló ń ṣe mí. "Ẹ ní kí ni, sà?"

"Mo fà á. I pulled it well well."

Mo ní, "Alhaji, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún un? Nǹkan kan ṣoṣo tó fẹ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn."

Wọn ò wò mí. Wọ́n ní, "O rántí bó ṣe máa ń kọjú sí ògiri? Kò ní jẹun, kò ní dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti ní mi ò fà á, á dìde jókòó. Á ní ká gbé oúnjẹ wá, kó lè lágbára láti bá mi jà. Tí mo bá gbà lẹ́ẹ̀kan, it is finished. Kí ni mo tún fẹ́ fi jí i dìde?"

Mo ronú kan bẹ́ẹ̀dì yẹn, mo ronú kan bí ohùn rẹ̀ ṣe máa ń le sí i bó ṣe ń bá wọn jà, tí èmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí màá máa bá a bínú. Àdúgbò yí padà, èèyàn yí padà, ó sì ń rẹ̀ mí láti máa kà wọ́n. Mo ti rò pé àga ilé ìwòsàn nìkan ló kù nínú gbogbo rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ìfẹ́ bàbá yìí ti wà níwájú mi ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, tí mò ń pè é ní agídí.

Nígbà tí mo wò wọ́n padà, orí wọn ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ti di ojú. Tíì ń tutù nílẹ̀. Mo fọwọ́ mi èjìká wọn.

Mo ní, "Irọ́ ni, sà. Ẹ ò fà á. Èmi náà wà níbẹ̀. Délé ṣubú fúnra rẹ̀, Mùtíátù ò rí i dáadáa."

Alhaji la ojú. Wọ́n di apá àga mú, wọ́n gbé ara wọn jókòó. "What? Ta ni ò rí i dáadáa? Mo ní mo fà á! Ọmọ mi rí i! She saw everything! Gbé tíì yẹn wá, kí n ṣàlàyé fún ọ."