Ohun Tí Fàtímọ̀ Wá Sọ

Ọdún márùndínlógójì ni Mẹ́tìrì Sosthène fi kọ́ ọmọ níwèé ní Banigbé, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi dá a padà sílé. Wọ́n pa ewúrẹ́ kan, dirẹtọ̀ tuntun tó ń darí ilé ìwé ka ọ̀rọ̀ ìdágbére ojú ìwé méjì, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́, ó parí. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ọkùnrin náà tètè jí, ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé kó tó rántí pé òun kò níṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ló bá ṣe bí ẹni tó ń kọjá lọ. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Kútọnu, ilé náà sì dákẹ́ ju bó ṣe yẹ kí ilé dákẹ́ lọ.

Odidi ọdún kan ló fi jókòó síwájú ilé, tó ń tún faransé àwọn tó ń kọjá ṣe fún wọn, títí àwọn ará àdúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé lọ sọ́jà.

Àwọn obìnrin tó ń yan gààrí ló yọ ọ́ nínú ìyà yẹn. Mẹ́rìnlá ni wọ́n, wọ́n ní àtíbàbà kan lẹ́bàá ọ̀nà Igolo, wọ́n sì fẹ́ mọ ìwé kà. Kì í ṣe faransé o. Èdè tí wọ́n fi ń tajà, tí wọ́n fi ń bá ọmọ wí, òun ni wọ́n fẹ́ kà. Mẹ́tìrì gbà kíá. Ìgbà tó délé tó ṣí ìwé pélébé tí wọ́n fún un ló rí i pé òun fúnra òun ò lè kà á já geere. Àmì ohùn dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọwọ́, ọ̀wọ̀, ọ̀wọ́, gbogbo wọn ń gbé e ṣánlẹ̀. Àgbàlagbà ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń kùn dò-rè-mí bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé.

Kò sì yẹ kó yà á lẹ́nu, torí pé òun gan-an ló lé Yorùbá jáde ní kíláàsì. Ó ní eegun màlúù kan tó fi okùn so, sinyáàlì ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tó bá la ẹnu sọ Yorùbá ló máa gbé e kọ́ lọ́rùn, títí ẹlòmíràn yóò fi ṣẹ̀. Mi ò sọ pé òun ló dá a sílẹ̀, gbogbo olùkọ́ ìgbà náà ló ń ṣe é. Àmọ́ tirẹ̀ ló wúwo jù, ó sì máa ń fi yangàn.

Iṣẹ́ tuntun yìí wá dùn mọ́ ọn ju èyí tí wọ́n sanwó rẹ̀ fún un lọ. Lọ́jọ́ tí ìyá Rachidatou kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sí pátákó, obìnrin náà dúró wò ó títí, ló bá bú sẹ́kún, Mẹ́tìrì náà sì ń nu ojú. Kò sunkún nínú kíláàsì rí láti ọjọ́ tó ti ń ṣe olùkọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò jókòó. Fàtímọ̀ ni, òun sì ni olórí wọn. Bí ẹ̀kọ́ bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á dìde, á lọ sídìí iná gààrí rẹ̀. Mẹ́tìrì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni lọ́jọ́ tó gbé sinyáàlì kọ́ ọ lọ́rùn, láti ọjọ́ náà kò wá sílé ìwé mọ́. Mẹ́tìrì wá sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí Fàtímọ̀ ò bá jókòó kí òun tó kú, òun ò tíì ṣe nǹkan kan láyé. Ó rán àwọn obìnrin sí i, kò gbà. Ó ra síléètì sílẹ̀ dè é, kò wò ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn tó kù ti lọ, ó lọ bá a nídìí iná.

“Mẹ́tìrì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má sún mọ́bí, ó gbóná.”

“Fàtímọ̀, mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Sinyáàlì ọjọ́ yẹn, mi ò gbàgbé ẹ̀.”

Obìnrin náà ń ro gààrí, kò gbójú sókè. “Bọ̀n, ó dáa. Ẹ ò gbàgbé sinyáàlì. Ṣé ẹ rántí ohun tí mo wá sọ?”

Mẹ́tìrì ronú. Ó rántí okùn, ó rántí bí kíláàsì ṣe rẹ́rìn-ín. Kò rántí ọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

“Ìyá mi ló kú ní ìdájí ọjọ́ yẹn,” Fàtímọ̀ wí. “Bàbá mi ní kí n sáré wá sọ fún yín, kí n sì tètè padà, torí pé kí wọ́n tó kírun ọ̀sán ni wọ́n máa sin ín. Mo wọlé, mo ní, ‘Mẹ́tìrì, ìyá mi,’ ẹ ti pariwo mọ́ mi pé faransé, faransé. Mo wá ọ̀rọ̀ náà, mi ò rí i. Ẹ ò tíì kọ́ wa ní ikú. Èyí tẹ́ ẹ kọ́ wa lọ́sẹ̀ yẹn ni mo mọ̀. Mo ní, ‘Maman dort.’”

Ìyá ń sùn. Mẹ́tìrì rántí ojú ìwé náà, àti àwòrán tó wà níbẹ̀.

“Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ ní tó bá ń sùn, kí n jẹ́ kó sùn. Ẹ gbé eegun yẹn kọ́ mi lọ́rùn fún Yorùbá tí mo kọ́kọ́ sọ, ẹ ní kí n lọ jókòó. Nígbà tẹ́ ẹ fi máa lu agogo ọ̀sán, wọ́n ti sin ín. Mi ò rí ojú ẹ̀.”

Mẹ́tìrì fẹ́ dọ̀bálẹ̀ sínú eérú. Fàtímọ̀ ju igbá ìrogààrí sílẹ̀, ó di í lápá mú.

“Ẹ dìde, Mẹ́tìrì, kì í ṣe báyẹn. Mo ti forí jì yín tipẹ́. Kì í ṣe ìbínú. Bí mo bá ti rí ẹfun lọ́wọ́ yín, àyà mi á kàn máa já ni. Ẹ kọ́ wọn dáadáa. Èmi ò lè wá.”

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Mẹ́tìrì ò yọjú. Ìbànújẹ́ dá a dúbúlẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì gba oúnjẹ. Nígbà tó padà, kò kọ nǹkan kan sí pátákó. Ó ní kí obìnrin kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ sọ ohun tó bá a kúrò nílé, ó sì gbọ́ ti oníkálukú dópin. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí dòní. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ ọkọ tàbí ara ọmọ tó gbóná á gba gbogbo àsìkò, wọn á sì tú ká láìka lẹ́tà kan.

Àwọn èèyàn ní ìfẹ̀yìntì yẹ ẹ́, pé ó ti sanra sí i. Á ní wọ́n ṣeun. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí tí wọ́n ti jọ sọ̀rọ̀ nídìí iná yẹn. Fàtímọ̀ ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ń bu gààrí gbígbóná ránṣẹ́ sí i. Kò tíì jókòó.