Ọjọ́ Tí Káfíńtà Dá Dìde

Káfíńtà ń dá gbé yàrá méjì, tòun ti pákó tí kò lè gé mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ń gbé ọ̀nà jíjìn. Rọpárọsẹ̀ wá kọlù ú lápá ọ̀tún.

Lákọ̀ọ́kọ́, apá náà rọ̀ bí aṣọ tútù. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó ká mọ́ àyà, ó le gbagidi. Inú káfíńtà dùn. Ó ní agbára ti ń padà.

Obìnrin tí ọsibítù ń rán wá kọ́ ọ ní ìrìn kò bá a dùn. “Bàbá, iṣan tó le kọ́ ni iṣan tó lágbára. Pákó tó gbẹ jù, ṣé kì í sán ni?”

Káfíńtà fọwọ́ òsì kan apá náà. Ó mọ pákó.

Ọmọ rẹ̀ wá ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bí bàbá òun bá lè dá dìde, tó sì ṣílẹ̀kùn fún òun, kó máa gbé ilé rẹ̀ lọ. Bí kò bá lè ṣe é, òun á mú un lọ sọ́dọ̀ òun.

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. “Ẹ sún ìdí síwájú. Ẹ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, kí orúnkún ká. Ẹ tẹ̀ síwájú kí imú kọjá ìka ẹsẹ̀. Ó yá, ẹ na orúnkún.”

Àìmọye ìgbà ló ṣubú padà sórí àga bí àpò sìmẹ́ǹtì.

“Ẹ rọra, Bàbá. Ẹ má fò.”

“Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ fò?”

Sátidé pé, ọmọ kanlẹ̀kùn. Bàbá dìde, ó wọ́ ẹsẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó ṣí i. Ọmọ bú sẹ́kún. Ó gbálẹ̀, ó fọ aṣọ. Bàbá kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ wá jókòó, Bàbá mi.”

“Jíjókòó ti sú mi.”

Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó dágbére, ó lọ.

Yíyí padà lọ sórí àga ni wọn ò tíì kọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fi í sí. Bó bá sì pariwo, ọmọ á gbọ́, á padà wá mú un lọ.

Èmi ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ilé kejì kọjá, mo kí i. “Ò ń gbatẹ́gùn ni?”

“Mò ń gbatẹ́gùn.”

Nígbà tí mo padà dé, oòrùn ti yí sẹ́yìn ilé. Ó ṣì dúró. Ọwọ́ òsì rẹ̀ di férémù mú, itan rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo mú un ní ìbàdí, mo yí i padà, mo mú un dé orí àga. Kò wojú mi.

“Má sọ fún ọmọ mi o.”