Igi Tí Bàbá Mi Fi Ń Ha Dúrọ́ọ̀mù

Títí tí màá fi kú, mi ò lè gbàgbé ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí iná pa bàbá mi nílé iṣẹ́ ọ̀dà n'Íbàfò.

Abẹ́ páànù ni bàbá mi ti bá ọ̀gá wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Igi ni wọ́n fi ń ha dúrọ́ọ̀mù ọ̀dà, torí irin lè ṣáná sí tínà, omi tó ń tètè gbiná tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Ọ̀gá kú, ọmọ rẹ̀ ra irin.

Mo gbé oúnjẹ débẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọ̀gá gba igi lọ́wọ́ bàbá mi, ó jù ú síwájú mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, igi ni bàbá yín ń lò," bàbá mi bẹ̀ ẹ́.

"Bàbá, ìyẹn ti di àtijọ́. Ẹ fi irin ha á kíá!"

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù. Irin dún lẹ́ẹ̀mejì péré, iná bú gbàmù.

Igi yẹn, tí mo gbé wálé, ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa. Gbogbo àwọ̀ tí ilé iṣẹ́ náà ti ṣe rí ló gbẹ mọ́ ọn lára, àfi funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́jọ́ yẹn.