Ìlà Ọsàn Tí Mo Kùn Sínú Àpótí Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi ò tíì ga ju tábìlì iṣẹ́ bàbá mi lọ, àdúgbò Derrière la Prison là ń gbé níbí ní Libreville. Páákó ni ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, páànù ló bò ó lórí. Bí òjò bá ti dé, a ò ní gbọ́ ohun tí a ń bá ara wa sọ mọ́. Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi tí ẹ bá mi ní Angondjé tí mò ń gbé báyìí, ìyá tí kì í bínú lẹ mọ̀ mí sí. Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe bínú nígbà kan fún yín, torí ìbínú yẹn ò tíì tán nínú mi.

Ẹ̀rọ ni bàbá mi ń ṣe fún àwọn tó ń fi àwo orin dá àwọn èèyàn lára yá níbi ìgbéyàwó. Ohùn tó ń ti ara àwo jáde tín-ín-rín bí ohùn ẹ̀fọn. Bàbá mi á wá kan àpótí kékeré kan tó máa kọ́kọ́ gbé ohùn yẹn dìde kí ó tó dé ọ̀dọ̀ áńpù ńlá. Préampli làwọn oníbàárà ń pè é. Agbóhùndìde ni bàbá mi ń pè é. Ó tún fi ojú kejì kún un, kí àwo méjì lè máa gba ibẹ̀ kọjá, kí orin kan má tíì tán kí èkejì ti wọlé, kí ijó má dá. Odidi àsìkò òjò kan ló fi ṣe àkọ́kọ́, ó ń tú u, ó ń tò ó.

Ìwé mi ò pọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọ̀. Nínú àpótí yẹn, àwọn nǹkan kéékèèké kan wà tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, rẹsítọ̀ là ń pè wọ́n. Àwọn ló ń díwọ̀n iná. Ìlà aláwọ̀ ni wọ́n fi ń sàmì sí wọn lára. Bàbá mi kọ́ mi bí orin: dúdú jẹ́ òdo, àwọ̀ kòkó jẹ́ ọ̀kan, pupa jẹ́ èjì, àwọ̀ ọsàn jẹ́ ẹ̀ta. Bí ìlà tó kẹ́yìn bá kúrò ní pupa tó di ọsàn, ìlọ́po mẹ́wàá nìyẹn.

Ọkùnrin kan wà, ọmọ ìlú bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tọ́ntọ́n. Òun ló máa ń gbé ẹ̀rọ lọ sóde. Ilé wa ló ti ń jẹun ọ̀sán. Bàbá mi yá a ní àpótí náà kí àwọn èèyàn lè mọ iṣẹ́ òun. Níbi ìgbéyàwó kan, orin dùn débi pé àwọn arúgbó dìde jó. Wọ́n bi Tọ́ntọ́n pé ta ló ṣe irú ẹ̀rọ báyìí. Ó gbé máíìkì.

"Èmi ni! Ọwọ́ mi méjèèjì yìí!"

Bàbá mi wà láàárín èrò, ó ń gbọ́. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Láti ọjọ́ náà, àwọn oníbàárà á gba iwájú ṣọ́ọ̀bù wa kọjá, wọ́n á lọ bẹ Tọ́ntọ́n níṣẹ́. Orúkọ bàbá mi parẹ́ lẹ́nu wọn.

Èmi ò fi í sílẹ̀.

Nígbà tó yá, bọ́tìnnì kan yẹ̀ lára àpótí náà, Tọ́ntọ́n gbé e wá. Bàbá mi tún un ṣe tán, ó lọ kírun Jímọ̀. Abẹ́ tábìlì ni mo wà, mò ń ṣa wáyà, nígbà tí Tọ́ntọ́n àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Tá a bá gbé e délé, a máa tú u," ni Tọ́ntọ́n ń wí. "Ohun tá a bá rí níbẹ̀ náà la máa tò. Mẹ́rin la máa kọ́kọ́ ṣe."

"Bàbá yẹn ò ní bínú?"

"Bàbá wo? Èyí tí èèyàn lè gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀, kó tún ní kéèyàn rọra jẹ ẹ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ń lọ ra ẹja yíyan, àwọn á padà wá gbé e.

Mo tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin tó de àpótí náà. Ìyá mi ní ọ̀dà èékánná aláwọ̀ ọsàn kan. Mo fi igi ìṣáná kùn ún sórí ìlà pupa tó kẹ́yìn kan ṣoṣo, lára rẹsítọ̀ tó ń pinnu bí ohùn ṣe máa ga tó. Mi ò yọ nǹkan kan kúrò. Àpótí bàbá mi á máa ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣe, torí ọ̀dà ò dí iná lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó ṣe nìkan ló ń bá wí. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi gbẹ, mo dì í padà.

Ó tó oṣù kan kí Tọ́ntọ́n tó pe àdúgbò jọ lọ́sàn-án Sátidé. Ó to àpótí tuntun mẹ́rin sórí tábìlì, wọ́n ń dán. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ rà wá gbọ́. Ó gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Hàà! Ẹ̀rọ náà ké bí ẹran tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn ọmọdé di etí, èéfín sì yọ lára sípíkà rẹ̀ méjèèjì.

"Tọ́ntọ́n, ewúrẹ́ mélòó lo kó síbẹ̀?" Ìyá kan tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ìwọ lo ṣe é, àbí? Ó yá, tún un ṣe!"

Gbogbo èrò gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Tún un ṣe! Tún un ṣe!"

Ó tú àpótí, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo inú kànga. Nígbà tí òógùn bò ó tán, wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá mi. Bàbá mi wò ó lẹ́ẹ̀kan péré.

"Ta ló ní kí o fi rẹsítọ̀ onílà ọsàn síbí?"

"Ẹ̀gbọ́n, bó ṣe wà nínú tiyín náà nìyẹn!"

Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Nínú ti ta?" ni ìyá yẹn bi í.

Tọ́ntọ́n kó àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gba ẹ̀yìn èrò lọ. Ó kó kúrò ládùúgbò kí oṣù tó pé, àwọn oníbàárà sì padà wá dúró níwájú páákó wa. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá mi gba àpótí tirẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e délé, ó tú u, ó fi èékánná họ ìlà ọsàn, pupa yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó ní ohun tí mo ṣe ò dáa. Mo kúnlẹ̀, mo ní kó má bínú. Ṣùgbọ́n àánú Tọ́ntọ́n ò ṣe mí rí. Nígbà tí òun náà darúgbó, tó dùbúlẹ̀ àìsàn, ó ránṣẹ́ pé kí n wá kí òun. Mo se ọbẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Mi ò lọ.

Ayé ti yí padà. Wọ́n ti lẹ ẹ̀rọ tiyín pa láti ilé iṣẹ́. Bó bá bàjẹ́, ẹ ó jù ú nù. Ìyẹn ò dùn mí. Èyí tó dùn mí ni pé láìpẹ́ yìí, ẹnì kan jí orin tí ọmọ ọmọ mi obìnrin pò pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Mo bi ọmọ náà pé níbo lolè náà ń gbé.

"Mamie, a ò mọ̀. Ó lè wà ní Akanda níbí, ó lè wà lókè òkun. Laisse, ẹ fi í sílẹ̀."

Mo jókòó, mo rò ó títí. Láyé tiwa, ẹni tó bá jà ọ́ lólè, o mọ ilé rẹ̀, o mọ orúkọ ìyá rẹ̀, o sì lè dúró wo ojú rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń tẹ́. Ojú ta ni ọmọ tèmi yóò dúró wò?