Kápẹ́ńtà àti Ẹ̀rọ Tó Ń Fẹ́ Òkùnkùn

Ọdún kẹta rèé tí ìyàwó Kápẹ́ńtà ti jáde láyé, ilé sì ti pa lọ́lọ́. Bàbá náà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ayùn rẹ̀ ti dípẹtà sínú àpótí. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ń gbé lókè òkun, ọjọ́ Àìkú nìkan ló sì máa ń ráyè pè é.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ọmọ náà ní, "Bàbá mi, tẹlifíṣàn yín yẹn ti kéré jù. Ẹ lọ wo pírójẹ́tọ̀, ẹ̀rọ tó máa ń gbé àwòrán sára ògiri. Tẹ́ ẹ bá ń wo bọ́ọ̀lù, á dà bí ẹni pé ẹ wà ní pápá."

Kápẹ́ńtà rẹ́rìn-ín. "Ṣé àwọn agbábọ́ọ̀lù á máa bá mi jẹun ni?"

Síbẹ̀, ó lọ. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń ta ẹ̀rọ náà bi í pé, "Bàbá, báwo ni àga yín ṣe jìnnà sí ògiri tó?"

"Ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá, ó dín díẹ̀." Kò wọ̀n ọ́n rí, ojú rẹ̀ ni téèpù rẹ̀.

"Ó tó. Ṣé yàrá náà máa ń ṣókùnkùn?"

"Fèrèsé ńlá kan wà níbẹ̀. Èmi ni mo kàn án."

"Ẹ máa ní láti dí i, torí ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀tá ẹ̀rọ yìí. Ẹ̀yin mélòó lẹ máa jọ wò ó?"

Bàbá yíjú sí àwọn páálí tó wà nílẹ̀. "A máa ń pọ̀ díẹ̀," ló wí. Irọ́ náà ta á lẹ́nu bí ata.

Ọ̀dọ́bìnrin náà ní kó gbé e lọ dán wò fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó délé, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí fèrèsé. Àwòrán náà mọ́ rekete, agbábọ́ọ̀lù ga tó ilẹ̀kùn. Nígbà tí bọ́ọ̀lù wọlé, Kápẹ́ńtà pàtẹ́wọ́, ó sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti sọ̀rọ̀. Kò séèyàn níbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé lódìkejì títì, ni. Tó bá ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó máa ń dúró lẹ́bàá fèrèsé Kápẹ́ńtà láti rojọ́ orúnkún rẹ̀ fún un.

"Bàbá, ṣé kò sí o? Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí fèrèsé yín ti wà ní dídí. Mo ní kí n wá wò ó bóyá ara yín ò yá ni."

"Ara mi le. Nǹkan kan ni mò ń wò. Ẹ wọlé, ẹ wá bá mi wò ó."

Ó yọjú wo inú yàrá. "Rárá o, òkùnkùn yẹn ò bá ojú mi mu. Kí n ṣáà ti rí yín náà ni."

Kápẹ́ńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà títí obìnrin náà fi wọlé tirẹ̀. Wọ́n ní èèyàn laṣọ. Aṣọ tirẹ̀ ti ṣẹ́ ku ẹyọ kan, ó sì ku díẹ̀ kó fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ sílẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gbé ẹ̀rọ náà padà.

"Ṣé àwòrán ẹ̀ ò dáa ni?" ọ̀dọ́bìnrin náà bi í.

"Ó dáa gan-an. Ilé elérò púpọ̀ ló yẹ. Èmi nìkan ni mò ń gbé."

Nígbà tó sọ fún ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ọmọ náà bi í pé, "Kí lẹ wá fẹ́ kí n rà fún yín, Bàbá mi?"

"Máa bọ̀ wálé" dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi. Ṣé òtútù ò pọ̀ jù lọ́dọ̀ yín?"