Èjìká Bàbá Akunlé

Àǹtí Olómitútù ni gbogbo ẹni tó ń wá sí yàrá ìtọ́jú iṣan nílé ìwòsàn náà ń pe obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òróró kan tó ki, tó sì tutù bíi yìnyín, tó máa ń fi síni lára kó tó gbé ẹ̀rọ lé e, ló sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀rọ ọ̀hún kò ju rédíò kékeré lọ, ó sì ní orí róbótó kan tí Àǹtí fi máa ń yí ojú ibi tó ń dunni po. Ìró ló ń rán wọnú ẹran ara, ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́, ibẹ̀ á sì máa lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Èjìká ọ̀tún tí kò gòkè mọ́ ló gbé Bàbá Akunlé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí bàbá yìí ti ń nawọ́ sókè kun àjà ilé onílé. Ta ni yóò gbọ́ bẹ́ẹ̀ tí yóò tún máa wá ohun mìíràn kiri? Iṣẹ́ ló fà á, ọ̀rọ̀ parí. Bí dókítà ṣe kọ ọ́ sínú ìwé nìyẹn, Àǹtí náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí òróró ṣe kàn án lára ló fò sókè. “Àǹtí! Òtútù yìí á pa mí kí èjìká tó pa mí o!”

“Ẹ rọra, bàbá. Ẹ̀rọ máa mú un gbóná.”

“Ẹ ní ìró ni. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan.”

“Etí ò lè gbọ́ ọ, sà.”

“Áà! Ì bá jẹ́ pé ìyàwó mi ní irú ohùn bẹ́ẹ̀!”

Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà pòṣé, àmọ́ ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Àǹtí fi ẹ̀rọ yí èjìká náà po. Lẹ́ẹ̀kẹfà, ó ti ṣe é dé ìdajì kó tó rí i pé bàbá ti fi ìṣó lu ihò tuntun sára bẹ́líìtì rẹ̀, eegun ọrùn rẹ̀ sì ti yọ gàgà.

“Bàbá, ṣé ẹ ń jẹun?”

“Oúnjẹ ò wù mí mọ́.”

“Tẹ́ ẹ bá sinmi apá yìí ńkọ́?”

“Ìgbà tí mo bá sinmi gan-an ló ń ro mí jù.”

Ọwọ́ Àǹtí dúró. Ìrora tí iṣẹ́ bá fà, ìsinmi ló ń pẹ̀rọ̀ sí i. Ó nu òróró náà kúrò, ó sì kọ ìwé pé kí wọ́n lọ ya fọ́tò eegun náà lọ́jọ́ náà gan-an.

Jẹjẹrẹ ni. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó tàn dé eegun èjìká, ó sì ti kọjá ohun tí wọ́n lè gé. Èèwọ̀ ni kí ẹ̀rọ náà kan irú ibẹ̀, kó má baà ta á jí. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni òun sì ti fi kàn án!

“Dókítà, ṣé mo ti dá kún un?”

“Ó ti wà níbẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.”

Ó bọ́ sí i létí, kò wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Wọ́n sọ òótọ́ fún bàbá àti ìyàwó rẹ̀. Síbẹ̀, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá dé. “Mo wá gba ẹ̀rọ mi.” Àǹtí ṣàlàyé títí pé ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ kan ibẹ̀ mọ́. Bàbá wò ó. “Ohun tó bàjẹ́ ti bàjẹ́, ọmọ mi. Kí ló kù tí ẹ̀rọ tún fẹ́ bà jẹ́?”

Àǹtí fi aṣọ gbé apá náà kọ́ ọ lọ́rùn, ó fi bó ṣe máa tẹ́ pílò sábẹ́ rẹ̀ hàn án, ó sì bá a bẹ dókítà fún oògùn ìrora tó le sí i. Gbogbo ìwé tó kà, ohun tó já sí nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n tún wá, ìyàwó bàbá fa Àǹtí sí kọ̀rídọ̀. “Ẹ gbà mí, Àǹtí. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà lé e láì tan iná rẹ̀. Kó ṣáà rò pé a ń ṣe nǹkan.”

“Mi ò lè tan bàbá jẹ, mà.”

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọlé, bàbá ti ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo tú bọ́tìnnì rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Àǹtí ò lè dá a dúró. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di ìgò òróró mú títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì rọra fi orí ẹ̀rọ náà yí èjìká po. Bàbá di ojú. Nígbà tó là á, ẹ̀rọ ló wò.

“Àǹtí, iná rẹ̀ ò tàn.”

“Mo mọ̀, sà. Ẹ má bínú.”

“Ẹ máa bá a lọ.”

Ìyàwó rẹ̀ kọjú sí ògiri.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló tún wá, kó tó di pé kò lè gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn náà mọ́. Lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ fóònù pé bàbá ti dákẹ́, orúnkún olùkọ́ kan ni Àǹtí ń tọ́jú. Ó bẹ olùkọ́ náà pé kó má bínú, ó pa ẹ̀rọ, ó sì lọ dúró sí kọ̀rídọ̀. Nígbà tó padà dé, òróró ti gbẹ mọ́ orúnkún náà. Ó nù ún nù, ó fi òmíràn sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ padà.