Ọ̀pá Ìwọ̀n Kòkó: Bí A Ṣe Jà fún Ilẹ̀kùn Bọ́ọ̀sì Àwọn Ọmọ Wa

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan wá kí mi nílé. Bàbá rẹ̀ ló ni ilé iṣẹ́ kékeré tí wọ́n ti ń kan bọ́dì ọkọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyá ọmọ wẹ́wẹ́. Ó mú ìwé pẹlẹbẹ kan wá fún mi, ìtàn ilé iṣẹ́ náà tí ìdílé wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀. Mo kà á lójú rẹ̀. Ní ojú ìwé kẹsàn-án, wọ́n kọ ọ́ pé bàbá rẹ̀ fi ìfẹ́ tó ní sí àwọn ọmọdé ṣe ilẹ̀kùn kejì sí gbogbo bọ́ọ̀sì ilé ìwé tó kàn.

Mo ní, "Irọ́ ni. Kì í ṣe ìfẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo bọ́ọ̀sì."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ti lọ sinmi. Mo ń kìlọ̀ fún yín bí ọmọ ni. Ẹni tó bá tú ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ báyìí, ìdílé wa kò ní fojú ire wò ó."

Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó sì lọ. Èmi náà lọ wá bíírò mi. Ọmọ tí a kò sọ òtítọ́ fún kò ní mọ ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí, nítorí náà ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni mò ń kọ èyí fún.

Ọdún kejì tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Abà kan lójú ọ̀nà tó ti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ìṣẹ́ ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ó ń ṣe oko kòkó. Dúpẹ́, àkọ́bí wa, jẹ́ ọmọ ọdún méje, ilé ìwé rẹ̀ sì wà ní Ìṣẹ́. Láti ẹnu ọ̀nà wa dé ilé ìwé náà jẹ́ máìlì mẹ́rin àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin máìlì kan. Mo mọ̀, nítorí mo máa ń bá a rìn ín láàárọ̀, tí ọwọ́ mi kì í kúrò ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀, tí àwọn lọ́rì kòkó ń fi eruku bò wá mọ́lẹ̀. Àwọn kan máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ mi ni mo dè mọ́ra bí ewúrẹ́. Mo gbà.

Àwa òbí kó ara wa jọ, a sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Èmi ni akọ̀wé, torí pé mo ti parí ilé ìwé girama. A kọ lẹ́tà sí káńsù léraléra títí wọ́n fi gbà láti fún wa ní bọ́ọ̀sì. Mẹ́ta ni wọ́n rà: méjì fún ọ̀nà Ìṣẹ́, ọ̀kan fún ọ̀nà Èmùré. Ẹ má rò pé bọ́ọ̀sì tó pé ni wọ́n ń rà nígbà náà o. Ẹ́ńjìnì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ lásán ló máa ń dé, káfíńtà ni yóò wá fi pákó kan bọ́dì lé e lórí. Ilé iṣẹ́ Ọ̀gá Fámúrewá, bàbá ọkùnrin tó wá kí mi, ní Ìkẹ́rẹ́ ni káńsù gbé e fún.

Káfíńtà mẹ́fà ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Ọ̀gá Fámúrewá. Wọn kì í ya àwòrán kí wọ́n tó kan ọkọ̀. Ọ̀pá ìrókò kan ni wọ́n ń lò, tí ọ̀gá tó kọ́ Ọ̀gá Fámúrewá níṣẹ́ fà lé e lọ́wọ́ ní ọjọ́ òmìnira rẹ̀. Ìlà méje ni wọ́n fi ọ̀bẹ gé sí ara ọ̀pá náà. Ìlà kan ni gíga ìjókòó, ìkan ni fífẹ̀ ilẹ̀kùn, ìkan ni ibi tí irin ìdábùú tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn yóò wà. Ohun tí ìlà bá wí ni ayùn ń gé. Ẹni tó kọ́kọ́ gé ìlà wọ̀nyẹn, lọ́rì kòkó ló ń kàn. Nínú lọ́rì kòkó, pákó ló pààlà láàárín dírẹ́bà àti ẹrù, ẹ̀yìn nìkan ni ilẹ̀kùn wà, kọ̀ndọ́kítọ̀ ni yóò sì ti irin ìdábùú láti ìta, nítorí ẹrù kì í ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀.

Ọ̀pá yẹn ni wọ́n fi kan bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ wa.

Mi ò ní purọ́ láti dá ara mi láre. Àwa òbí náà ní ẹ̀bi tiwa. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà pé kí wọ́n fi ọ̀pá irin dí ojú fèrèsé, kí ọmọ má baà yọ orí síta. Wọ́n ṣe é. Ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ dé, tí wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, a jó. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò wọ inú rẹ̀ wò.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, bọ́ọ̀sì náà ń gun òkè kan, ni ẹ́ńjìnì bá gbóná kọjá ààlà, wáyà kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Èéfín wọ inú ọkọ̀. Dírẹ́bà bẹ́ sílẹ̀, ó ṣí iwájú ọkọ̀. Kọ̀ndọ́kítọ̀ gbé garawa, ó sáré lọ sódò lọ pọn omi. Kò ṣí irin ìdábùú kó tó lọ. Ọdún mẹ́jọ ló ti fi ṣe kọ̀ndọ́kítọ̀ lọ́rì kòkó. Bí ọkọ̀ bá dákú, ẹrù á dúró de ẹni tó ń wá omi.

Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn káfíńtà náà, tó ń jẹ́ Ògúnlayé, ló ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ibi tó ti lọ wo pákó. Ó gbọ́ igbe. Irin ìdábùú ti há sínú ihò rẹ̀, ni ó bá fi àáké fọ́ pákó tí òun fúnra rẹ̀ kàn mọ́ ọkọ̀ náà. Ó ń fà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni kẹrin láti ẹ̀yìn ni Dúpẹ́. Kò sí èyí tó kú nínú wọn, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n fún ọjọ́ méjì gbáko ohùn ọmọ mi kò jáde. Bó bá fẹ́ omi, ọwọ́ ló fi ń júwe.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Ìyá Ràfíù dé Ìkẹ́rẹ́. Oníṣòwò aṣọ ni Ìyá Ràfíù, mùsùlùmí, ọmọ méjì ló ní nínú bọ́ọ̀sì náà. Ọ̀gá Fámúrewá jókòó lórí àpótí rẹ̀, ọ̀pá náà wà lórí itan rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ilẹ̀kùn kejì la fẹ́, kí irin rẹ̀ wà nínú, níbi tí ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà lè dé."

"Ìyàwó, ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ káfíńtà?"

"Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi, sà."

"Ó yẹ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọye lọ́rì tí mo ti fi ọ̀pá yìí kàn. Kòkó kò pariwo rí."

Ìyá Ràfíù ló dá a lóhùn. "Kòkó kì í mí, Ọ̀gá. Àbí tiyín ń mí?"

Àwọn káfíńtà bú sẹ́rìn-ín. Inú bí ọ̀gá. Ó ní ẹni tó bá gé ìlà kẹjọ sí ọ̀pá tí ọ̀gá òun fà lé òun lọ́wọ́, ó ti pe ọ̀gá òun ní òpè nínú ibojì. Ògúnlayé dìde, ó rọra sọ ọ́ pé, "Ọ̀gá, ẹ fi ọ̀pá yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ jẹ́ ká gé òmíràn." Ọ̀gá ní kó jókòó. Kò jókòó. Ó gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn mẹ́rin míràn gbé tiwọn sílẹ̀ tẹ̀lé e, ó ku ẹnì kan ṣoṣo tó jẹ́ àbúrò ìyàwó ọ̀gá.

Báyìí ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀sì kejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí lábẹ́ páànù, èyí tí èéfín bà jẹ́ sì ti padà wá síbẹ̀ fún àtúnṣe. Àwa ìyá mọ́kàndínlógún jókòó yí àwọn méjèèjì ká fún ọjọ́ mẹ́rin. A ń wá láàárọ̀, a ń lọ nírọ̀lẹ́, a ń sun iṣu jẹ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, a kó àwọn ọmọ wa wá. Ògúnlayé mú igi tuntun kan, mo ní kí àwọn ọmọ tò láti orí ẹni tó kéré jù, a sì ń wọn wọ́n: láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orúnkún, láti ilẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ tó nà sókè dé. Èmi ń pe ìǹṣì, òun ń gé ìlà. Dúpẹ́ ni wọ́n fi gé ìlà kẹta. Títí dòní, n kò rí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn tó wù mí bíi ti ọjọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kẹrin, akọ̀wé káńsù dé pẹ̀lú akódà méjì. Kóótù funfun ló wọ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin obìnrin, ẹ dìde kí ẹ máa lọ sílé."

Ìyá Ràfíù dá a lóhùn pé, "Ulé ni mo ti wá, Akọ̀wé, ulé ni mo máa padà sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí ọ̀rọ̀ tìrẹ."

"Ọkọ̀ ìjọba lẹ dí lọ́nà yìí! Ọkọ̀ tó dára! Kí ló ṣe é?"

Mo ní, "Bí kò bá ṣe nǹkan kan, sà, ẹ wọlé kí ẹ jókòó nínú rẹ̀."

Ìgbéraga kò jẹ́ kó kọ̀. Ó wọ inú bọ́ọ̀sì kejì, ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ìyá Ràfíù rìn lọ sẹ́yìn ọkọ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó sì ti irin ìdábùú gbàá. Àwọn akódà fẹ́ sún mọ́ ọn, ni àwa mọ́kàndínlógún bá fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ọ̀sán gangan ni, òrùn ń jó orí páànù. Mo wo aago ọwọ́ mi. Ó kọ́kọ́ ń bú wa. Lẹ́yìn náà ó ń gbá pákó. Lẹ́yìn náà ló ń fi ohùn tó ti yí padà pe ìyá rẹ̀.

Ìyá Ràfíù fẹnu sí àlàfo ara ilẹ̀kùn, ó ní, "Akọ̀wé, kòkó kì í pariwo o!"

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni. Nígbà tí a ṣí i, kóótù rẹ̀ ti rin gbingbin. Kò bú wa mọ́. Ó ní, "Ẹ mú ìwé wá." Mo ti kọ ìwé àdéhùn sílẹ̀ láti àárọ̀. Òun àti Ọ̀gá Fámúrewá fọwọ́ sí i: ilẹ̀kùn kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́, irin nínú, ní ibi tí ìlà ọ̀pá tuntun bá dé. A fi orin lọ sílé.

Wàyí o, ohun tí ìwé pẹlẹbẹ náà fi pamọ́ kò burú tó èyí tí èmi fúnra mi fi pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bọ́ọ̀sì kẹta, ti Èmùré, ti kúrò ní ilé iṣẹ́ náà ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí bọ́ọ̀sì wa àkọ́kọ́ kúrò. Ọ̀pá kan náà ni wọ́n fi kàn án. Nínú ìwé àdéhùn tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ, ohun tí mo kọ ni "bọ́ọ̀sì méjèèjì tó ń ná ọ̀nà Ìṣẹ́." Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ìṣọ́ra, kí akọ̀wé má baà rí ibi sá gbà. Méjì ni mo kọ. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò ránṣẹ́ sí Èmùré. A rò pé káńsù yóò ṣe é. Káńsù rò pé ọ̀gá yóò ṣe é. Ọ̀gá ní tirẹ̀ kò ṣe ju ohun tó wà nínú ìwé lọ.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà òjò, bọ́ọ̀sì náà yọ̀ kúrò lórí afárá, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sínú odò. Omi náà kò jìn. Àgbàlagbà lè dúró nínú rẹ̀. Kọ̀ndọ́kítọ̀ fara pa, kò lè dé ibi irin ìdábùú kíákíá. Wọ́n kó gbogbo àwọn ọmọ jáde, àfi ọmọbìnrin kan.

Èmi àti Ìyá Ràfíù lọ kí ìyá rẹ̀. Ó fún wa ní àga, ó bu omi fún wa. Ó wá bi mí pé, "Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ̀yin ti mọ̀ nípa ilẹ̀kùn yẹn?"

Mo ní, "Lóòótọ́ ni, mà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti oṣù mẹ́ta."

"Oṣù mẹ́ta," ni ó wí. 

Bí mo bá wá ní kí n gbé e lé orí òṣùwọ̀n, ohun tí a jèrè hàn gbangba: àwọn ọmọ wa fi ọwọ́ ara wọn ṣílẹ̀kùn. Ògúnlayé pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ kí oṣù náà tó parí. Ọ̀gá ní kò sí iṣẹ́ fún ọlọ̀tẹ̀, àwa tí a fi orin lọ sílé kò sì jókòó fún un ní ọjọ́ kan péré. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀. Ọ̀gá Fámúrewá kò san nǹkan kan fún ìyá Èmùré, kò tilẹ̀ lọ kí i. Gbogbo ìyẹn ń bí mi nínú bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ṣùgbọ́n inú tó bí mi sí ara mi ló le jù. Wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, ká tètè sọ fún un. Àwa mọ kòkòrò náà, a mọ ilé tó wà, a sì gbé ẹnu dákẹ́ nítorí pé ọmọ tiwa ti bọ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ti di òbí kò ṣòro. Bí ẹ bá rí àléébù lára ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ yín, ẹ béèrè iye irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe àti ìlú tí wọ́n gbé e lọ. Kí ẹ lọ sọ fún àwọn òbí tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ lẹ́tà. Ẹ lọ fúnra yín.